Àtàǹpàkò Òsì Mi Ló Gba Ilé Ìfọṣọ Lọ́wọ́ Àbúrò Ọkọ Mi

Àtàǹpàkò òsì mi, olè ni. Mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí má baà fi àánú ṣòfò lórí mi. Opó ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n opó tó ti ń ta àgádágodo àti ilẹ̀kùn láti ọdún mọ́kànlélógún ni mí. Ojú mi ti le. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rẹ́ mi jẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ṣòkòtò ẹ̀ ló máa fi sílẹ̀ lọ.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Bí mo bá ń kàwé, ìka ni mo fi ń tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tó fi gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó kọ eléyìí tán. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kí ọkọ mi tó kú, òun àti àbúrò ẹ̀ obìnrin ta ilẹ̀ bàbá wọn. Wọn ò pín owó náà. Báńkì kan náà ni wọ́n kó o sí, ìdajì fún oníkálukú, orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí ẹ̀. Owó tó lè kọ́ ilé mẹ́ta ni. Nígbà tí ọkọ mi kú, wọ́n yọ orúkọ ẹ̀, wọ́n fi tèmi sí i.

Àbúrò ọkọ mi yìí, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ń pè é, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n bí i sí, èmi ni ìyàwó. N kì í fi ẹnu mi pe orúkọ ẹ̀. Òun ń pè mí ní "ìyàwó wa," èmi ń pè é ní "ọkọ mi," à ń fi bẹ́ẹ̀ ṣeré láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn.

Alágbàfọ̀ ni. Yàrá méjì ló háyà. Ó ń fọṣọ nínú ọ̀kan, ó ń lọ aṣọ nínú èkejì, ibẹ̀ náà ló ń sùn. Èmi ni mo fún un ní àgádágodo tó fi ń ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ kan sì wà lọ́wọ́ mi.

"Mú ọ̀kan dání, ìyàwó wa," ló wí lọ́jọ́ náà. "Bí mo bá ré bọ́ sínú agbada omi ọṣẹ, ta ni yóò wá fà mí jáde?"

Ní báńkì wa, yàrá kan wà lókè fún àwọn tí owó wọn pọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì pupa, àga tó ń gbé èèyàn mì. Bàbá kan ló ń tọ́jú owó wa níbẹ̀. Ka-á-Lẹ́ẹ̀mejì ni èmi àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ ọ́, torí kò sí ìwé tí kì í kà sí wa létí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnì kan nínú wa ò bá wá, kò ní ṣí ìwé rárá. Á na yíǹkì síwájú wa, á di ọwọ́ oníkálukú mú, á wò ó bí ẹni tó ń yẹ bàtà wò lọ́jà, kó tó jẹ́ ká tẹ̀ka.

Ó máa ń bí mi nínú. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa kí n tó wá síbẹ̀ ni.

"Bàbá, ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀kan."

"Àkọ́kọ́ yẹn, tèmi ni, màmá. Èyí tí mo fẹ́ kà báyìí ni tiyín."

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti yàrá òkè náà pa. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ni wọ́n fi ránṣẹ́: inú fóònù ni gbogbo nǹkan wà báyìí, ẹ̀rọ ni yóò máa bá wa fi owó ṣòwò, tọ̀sán-tòru, kò ní sinmi, kò ní ṣàṣìṣe. Ní ọjọ́ kẹta, Ka-á-Lẹ́ẹ̀mejì ya ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé páálí kan dání. Ife tíì, kàlẹ́ńdà, bàtà tó ń wọ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Wọ́n ní kí n máa lọ. Ẹ̀rọ ti gba àga mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́ fún yín, mo rẹ́rìn-ín sí i lójú. "Ẹ̀rọ ò kúkú ní í ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀."

Kò bínú. Ó ní, "Ìka àbúrò ọkọ yín ti dán, màmá. Ẹ̀rọ lè máà gbà á. Bó bá kọ̀ ọ́, ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ lọ sí báńkì. Ẹ má dá a ṣe nílé."

"Mo ti gbọ́."

"Mo ní ẹ má dá a ṣe nílé."

Ó gbé páálí ẹ̀, ó lọ. Lẹ́ẹ̀mejì náà ló sọ ọ́.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò ní fóònù ńlá, onítọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Nítorí náà, fóònù mi la fi ṣe é, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, láàárín àwọn ilẹ̀kùn tí wọn ò tíì gbé lọ. Ohùn obìnrin kan ń jáde nínú áàpù náà, ó rọra, ó dùn, bíi ti ẹni tó fẹ́ yá èèyàn lówó. Àǹtí Inú Fóònù ni mo sọ ọ́. Ó ya ojú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó gbà á. Ó gba àtàǹpàkò ọ̀tún mi. Ó wá kan ìka Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe," ni Àǹtí wí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ na ìka ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ó dán bí èkúta odò. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọṣẹ ti jẹ ẹ́ tán! Bí mo bá lọ jalè báyìí, ọlọ́pàá wo ló máa rí mi mú?"

"Bàbá ní ká lọ sí báńkì o."

"Kí n fi aṣọ aláṣọ sílẹ̀ lọ to sórí ìlà ní báńkì? Fi tìẹ sí i, jàre."

"Tèmi ti wà níbẹ̀."

"Ṣé ìka kan ni Ọlọ́run dá mọ́ ẹ? Fi tòsì sí i. Òsì ẹ yẹn, èmi nìyẹn."

Mo fi tòsì sí i. Ó gbà á lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbá ìka náà mú, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kékeré, o kú ilé o!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tó lọ tán, Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí bi mí ní ìbéèrè.

"Bí owó yín bá já sí ìdajì lónìí, kí lẹ máa ṣe? Ẹ máa kó o jáde, ẹ máa dúró, àbí ẹ máa fi kún un?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè ọmọdé. Ìgbà tí àgádágodo bá di pọ́ọ̀kú ni mo máa ń ra ogójì páálí, tí mo máa ń tò ó dé àjà. Mo tẹ "fi kún un." Ó bi mí ní mẹ́jọ irú ẹ̀, bí mo ṣe ń dá oníbàárà lóhùn ni mo ṣe dá a lóhùn, pẹ̀lú àyà gbàǹgbà.

"Ẹ kú oríire," ló wí. "Akíkanjú lẹ jẹ́."

Orí mi wú. Ta ló ti pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú?

Ibi tí mo ti ya òmùgọ̀ nìyẹn. Àgádágodo tó di pọ́ọ̀kú, àgádágodo náà ni nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ṣì ń ti ilẹ̀kùn. Owó tó wọ́ lulẹ̀ nínú ẹ̀rọ, kí ni mo fẹ́ gbá mú níbẹ̀? Bàbá ìbá ti mọ̀ pé ẹnu ọjà ni mo ń fọ̀. Ẹ̀rọ gba ẹnu ọjà gbọ́.

Owó tèmi nìkan, tí ìka kan tó fún, ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Láàárín oṣù méjì, ó ń lé sí i, gbogbo ẹ̀ ń tàn ní àwọ̀ ewé. Tí oníbàárà bá ń nájà, mo ti ń wo fóònù. Ipò Fàdákà ni wọ́n fi mí sí.

Ìyá Ọlọ́dà, tó ń ta ọ̀dà ilé lódìkejì mi, gbé fóònù tiẹ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Gbogbo ojú fóònù náà ló pọ́n yòò bíi wúrà.

"Wúrà ni wọ́n fi mí sí o, Ìyá Àgádágodo. Ìwọ ńkọ́?"

"Fàdákà."

"Yéè, pẹ̀lẹ́." Ó fọwọ́ kàn mí léjìká bí ẹni tó ń bá mi dárò. "Èrè tiwa ìlọ́po méjì tiyín ni. Ṣùgbọ́n fàdákà náà dáa. Wọ́n ń fi ṣe ṣíbí."

Àwọn tó dúró nídìí ọ̀dà ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára bí ìṣó.

Kò tíì dé orí àga ẹ̀ tí Àǹtí fi sọ̀rọ̀: "Ẹ kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dé ipò Wúrà. Ẹ lè gbé owó láti inú àpò tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ní." Iye tó ní ó kù, iye tó jẹ́ ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gẹ́lẹ́ ni. Ó ti wo ibẹ̀. Ó mọ ibi tí owó wà, kò kàn mọ ẹni tó ni í.

Ọjọ́rú ni. Mo gbé fóònù sórí ilẹ̀kùn kan tí mo tẹ́ sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé oṣù kan péré ni, màá dá a padà kó tó bèèrè, màá fi èrè díẹ̀ lé e fún un. Ó máa yà á lẹ́nu. Ó máa dúpẹ́.

Mo tẹ tọ̀tún.

"Ó ku ẹnì kejì," ni Àǹtí wí.

Mo nu àtàǹpàkò òsì mọ́ ìró mi. Mo tún un nù. Mo wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀. Ká ní èèyàn kan ló jókòó síwájú mi lọ́jọ́ náà, kó kàn bi mí pé, "Àbúrò ọkọ yín dà?", ojú ì bá tì mí. Fóònù ò bi mí ní nǹkan kan.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Fóònù mi pọ́n yòò bíi wúrà. Mo gbé e lọ bá Ìyá Ọlọ́dà kó wò ó.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Wúrà mi fi tàn. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó di pupa. Lọ́jọ́ kejì, pupa. Nígbà tó pé oṣù kan, ìdajì ti lọ. Mo ní kí wọ́n dá ìyókù padà fún mi.

"Ètò Wúrà, ọdún méjì ni," ni Àǹtí dáhùn. "Akíkanjú kì í bẹ̀rù. Ṣé ẹ fẹ́ fi kún un?"

"Ìyá ẹ ni màá fi kún un!" Mo pariwo débi pé àwọn oníbàárà sá sẹ́yìn. "Mo fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀!"

"Mo gbọ́ yín. Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ nípa káàdì wa tuntun?"

Ìyá Ọlọ́dà ò jókòó níta mọ́. Mo gbọ́ pé tiẹ̀ náà ti wọ́ lulẹ̀.

Ìgbà tí mo wà nínú èyí ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tó ń jó, ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń kán omi ọṣẹ.

"Ìyàwó wa! Láńlọ́ọ̀dù fẹ́ ta ilé mi. Èmi ló kọ́kọ́ fi lọ̀. Ó ní tí mo bá kó owó wá ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, tèmi ni. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan wà tó ti ń dúró. Yọ owó mi wá fún mi, jàre. Màá di onílé!"

Mo jókòó sórí páálí.

"Ọkọ mi, owó náà ò sí."

"Kò sí báwo?"

Ẹ wò ó, ibẹ̀ ni mo ti lè sọ òótọ́. Ẹnu mi ti là. Irọ́ ló jáde.

"Ẹ̀rọ ti gbé e. Ó dá a ṣe. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo bá a pé ó ti kó o lọ."

Mo rò pé ó máa sunkún. Ó so gèlè ẹ̀ le. "Dìde. Báńkì là ń lọ. Wọ́n rí opó tí ò kàwé, wọ́n rí alágbàfọ̀, wọ́n ní àwọn á rẹ́ wa jẹ. Wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ẹ."

Ẹnì kan wà lẹ́yìn mi. Mo tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́.

Yàrá òkè náà ò jọ ara ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì. Tábìlì kan, tẹlifíṣọ̀n kan, obìnrin kan tó so káàdì mọ́ ọrùn. Kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò dúró kó kí i.

"Olè ni yín! Ẹ kó owó wa síta!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Àwọn tó bí ẹ ò kọ́ ẹ pé wọn kì í jí owó opó? Ẹ lé Bàbá tó ń tọ́jú wa lọ, ẹ wá gbé páńda kalẹ̀!"

Obìnrin náà tẹ nǹkan, ó yí tẹlifíṣọ̀n sí wa. "Ẹ̀rọ kì í dá owó gbé, màmá. Ìka méjì ló ní kó gbé e. Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìka àkọ́kọ́ nìyí. Ìkejì nìyí."

"Irọ́ ni! Èmi ni mo ni ìkejì, ìdí agbada ni mo sì wà lọ́jọ́ yẹn. Àbí ẹ fẹ́ sọ pé ìyàwó wa yìí ló gbé e? Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ta kọ́kọ́rọ́ ilé onílé. Ẹ lọ bèèrè, ẹ ní ilé ta ló ti wọ̀ rí!"

Òógùn bò mí lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù.

"Kò burú," ni obìnrin náà wí. Ó ti dígí kékeré kan sún mọ́ ọn. "Ẹ gbé ìka yín lé e, ká wò ó bó bá bá èyí mu."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi agbára tẹ̀ ẹ́. Iná pupa tàn.

"Kò dá yín mọ̀."

Inú ẹ̀ dùn. Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Báwo ló ṣe fẹ́ dá mi mọ̀? Ìka mi ò ní ìlà kankan, ọṣẹ ti jẹ ẹ́ tán. Ṣebí ìdí ẹ̀ nìyẹn tí ìyàwó wa fi bá mi fi ti ọwọ́ òsì ẹ̀ sí…"

Ọ̀rọ̀ náà dúró sí i lẹ́nu.

Mo gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò wo ojú mi. Ọwọ́ òsì mi ló ń wò. Abẹ́ báàgì ni mo fi í pa mọ́ sí.

"Gbé e wá."

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mo ní gbé e wá."

Ó fà á jáde fúnra ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ dán, ó tutù. Ó ya àtàǹpàkò mi sọ́tọ̀, ó rọra gbé e lé dígí náà, bí ẹni tó ń ran ọmọdé lọ́wọ́.

Iná aláwọ̀ ewé tàn. "Ẹ káàbọ̀," ni ohùn Àǹtí wí. Ó wá pe orúkọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ àti ti bàbá ẹ̀, ó pè é pé pérépéré. Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti wọ ilé wọn, n ò pe orúkọ yẹn rí. Ìka mi ni wọ́n fi ń kí.

Obìnrin báńkì wolẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò pariwo. Kò gbá mi létí. Ì bá sàn ká ní ó gbá mi.

"Nígbà tí mo ń bú ọmọ ọlọ́mọ yìí, o jókòó, ò ń gbọ́ mi?"



Ó yíjú sí obìnrin náà. "Ẹ má bínú, ọmọ mi. Àṣìṣe ni mo ṣe." Ó dìde, ó lọ. Ó ń gbé ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí arúgbó.

Ọjọ́ Jímọ̀ kọjá. Ẹni tó ń dúró ló ra ilé náà. Ó wó ògiri àárín, ó hú agbada ìfọṣọ, ó sọ ọ́ síta. Mo rí i níbẹ̀, òjò wà nínú ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo ní. Mo ta ọ̀kan, mo ta ọjà inú ẹ̀ ní pọ́ọ̀kú, mo sì san owó Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé, láìku kọ́bọ̀. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún pẹ́ jù. Mo gbé e lọ bá a nínú yàrá kan tó lọ háyà ní òpin títì. Ó kà á níṣojú mi. Nígbà tó parí, ó tún un kà.

"Ó pé, Màdáámù," ló wí. "Ẹ ṣé."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè wa, ẹ gbọ́ ohun tó ṣe mí níbẹ̀. Kò sọ pé "o ṣé." Kò pè mí ní ìyàwó wa. Mo ti di àlejò.

Kí báńkì náà má rò pé mo ti forí jì wọ́n. Wọ́n lé ẹni tó mọ̀ wá kúrò, wọ́n gbé ohun tó mọ ìlà ìka wa síbẹ̀, wọ́n ní ìtẹ̀síwájú ni. Owó tèmi tó ṣẹ́kù ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ó ku oṣù mọ́kànlá. Àǹtí ṣì ń kí mi láràárọ̀, ó ṣì ń pè mí ní akíkanjú. Ṣùgbọ́n Àǹtí kọ́ ló nu ìka mọ́ ìró. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi nínú yín, kó bú mi dáadáa.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo dìde, mo kúnlẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn àgádágodo tí mo gbé kọ́.

"Èló ni èyí tó tóbi yẹn?"

"Ọkọ mi, ẹ máa mú un lọ."

"Mo ní èló ni."

Mo dá iye. Kò nájà. Ó san án.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà níbẹ̀, Màdáámù?"

"Mẹ́ta ni."

Ó na ọwọ́ ẹ̀ tó dán sí mi.

"Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi."